Ọdún Tí Òótọ́ Di Ẹ̀sùn

Akọ̀ròyìn ni mí ní Jọ́ọ̀s nígbà tí àwọn ológun tún gbàjọba, tí wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tó bá kọ ohun tó lè dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba yóò ṣẹ̀wọ̀n, ìbáà jẹ́ òótọ́ ló kọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fura sí ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè nípa iṣẹ́ mi.

Ẹni tí mo fura sí jù ni ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá tó kọjú sí tiwa ládùúgbò Anglo Jos. Kì í lọ síbi iṣẹ́, àlejò kì í sì í yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti ń ti kẹ̀kẹ́ mi wọlé nírọ̀lẹ́, á ní, "Sannu da aiki, bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni ìwé ìròyìn yín máa gbé jáde lọ́la?"

"Ẹ má dá a lóhùn o," ni ìyàwó mi máa ń wí. "Ẹni tí kò níṣẹ́, ta ló ń bọ́ ọ?"

Nígbà ọyẹ́, awakọ̀ kan fọ̀rọ̀ tó mi létí lọ́jà Terminus pé òun ló ń kó ajílẹ̀ tí ìjọba fẹ́ pín fáwọn àgbẹ̀ lọ sílé ọ̀gá ológun kan. Mo tẹ̀ lé e, mo fojú ara mi rí àwọn àpò náà, mo sì kọ ọ́. Olóòtú wa, àgbàlagbà ará Ògbómọ̀ṣọ́, kà á tán, ó tún un kà.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ká ní irọ́ ni, à bá tọrọ àforíjì."

Ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. A ò tẹ̀ ẹ́ jáde. Síbẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá mú mi ní ọ́fíìsì.

Ọ̀gá wọn ò lù mí. Tíì ló bù fún mi.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ ò tíì sọ pé irọ́ ni, sà."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá irọ́ ni. Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n tì mí mọ́lé títí agbẹjọ́rò kan, ọmọ Ìlọrin, fi wá gbà mí sílẹ̀.

"Kò sófin tí mo lè dì mú," ló wí fún mi lọ́nà. "Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀."

Nígbà tí mo délé, ọkùnrin ọ̀kánkán wa gbé ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókó wá kí mi kú ewu. Ìyàwó mi gbà á, ó sì dà á nù lẹ́yìnkùlé. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ lọ sọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Èmi? Wallahi, èmi rò pé ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa ṣọ́ mi!"

Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ ní ìlú mìíràn. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ ní gbangba, ó wá sá wá sí Jọ́ọ̀s. Ojoojúmọ́ lẹ̀rù ń bà á pé orúkọ òun á jáde nínú ìwé ìròyìn wa pé wọ́n ń wá òun. A jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Àwọn ológun mìíràn gbàjọba lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì fagi lé òfin náà. Mi ò tíì mọ ẹni tó tú àṣírí mi. Olóòtú nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn. Ó ń bá mi ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí mo bá ti kọ ìròyìn tó lágbára, mo máa ń jókòó ti ìwé náà títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.