Edelmira àti Abẹ́rẹ́ Tó Ń Rìn Sẹ́yìn

Ọwọ́ ọ̀tún Remberto ti wà nínú fáìsì nígbà tí Edelmira dé. Fáìsì irin ńlá ni, ẹ̀rọ tí a fi ń fún nǹkan mọ́ra, èyí tí Nivaldo fi bóòtù dè mọ́ tábìlì iṣẹ́ nínú àgbàlá rẹ̀ ní ìlú Sagua. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹ̀yìn etí Remberto sórí bàtà rẹ̀, ojú òsì rẹ̀ sì ti wú pa. Irin tí a fi ń tú táyà ni Nivaldo fi lù ú kí ó tó wọ́ ọ dé ìdí tábìlì.

Odalis, ìyàwó Nivaldo, ló sáré lọ pe Edelmira, aládùúgbò wa. Àbúrò Odalis, ọmọ ìyá rẹ̀, ni Remberto. Bábà ni, òun ló ń gẹ irun gbogbo òpópónà wa, inú yàrá kékeré tó wà ní ẹ̀yìn àgbàlá yẹn ló sì ń sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Nivaldo gbé kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin dé láti Santa Clara, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà epo. Ó da gbogbo rẹ̀ sínú tánkì Ṣefurolé rẹ̀, mọ́tò tó dàgbà jù ú lọ, ó sì ti géètì. Ní òwúrọ̀ ó wọ inú mọ́tò, ó yí kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn sì sùn sílẹ̀ gbọọrọ, díẹ̀ báyìí ló fi ga ju òfìfo lọ. Yàtọ̀ sí òun àti ìyàwó rẹ̀, Remberto nìkan ló sùn nínú ọgbà. Ní ọdún yẹn, ẹni tó bá jí epo ẹni, oúnjẹ ọmọ ẹni ló jí.

"Jẹ́wọ́. Ta lo tà á fún?"

"Bùọ̀dá, mo fi ìyá mi búra, mi ò fọwọ́ kàn án."

Nivaldo yí ọwọ́ fáìsì ní ìdajì. Remberto ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ọ̀bẹ wọ̀ lọ́rùn. Àwa ará àdúgbò mẹ́rin la dúró lẹ́bàá ògiri tí à ń wò. Kò sí ẹni tó wọlé, nítorí àdá ìgérèké wà lẹ́sẹ̀ Nivaldo, a sì mọ̀ ọ́n.

Edelmira wọlé. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni nígbà náà, kúkúrú, ó gbé àpò sípánà rẹ̀ kọ́ èjìká. Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá ilẹ̀ ilé iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì nílé iṣẹ́ ṣúgà. Ohun tí wọ́n bá ti sọnù, á ṣà á, á tú u palẹ̀ nílé, á ya àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn àpò ṣúgà, á sì tò ó padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nígbà tí Fermín, ọkọ rẹ̀, bá a níbi tó ti tú rédíò òun, òòlù ló fi fọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó to egungun náà, ó sì jinná ní wíwọ́. Ọwọ́ wíwọ́ yẹn ló wá ń wọ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ gígùn kò lè dé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wáyà mọ́tò ṣe, àwọn awakọ̀ fi í ṣẹ̀sín: "Ẹ wá wo ìyá tó fẹ́ fi ìgbálẹ̀ tún mọ́tò ṣe!" Nivaldo ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Nivaldo, tú ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀."

"Ìyá, ẹ padà sílé yín. Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí."

"Kí lo rí tí o fi pè é lólè?"

"Abẹ́rẹ́ ni mo rí. Abẹ́rẹ́ kì í purọ́."

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní Sagua, igi ni gbogbo awakọ̀ fi ń wọn epo, torí abẹ́rẹ́ mọ́tò wọn ti kú tipẹ́. Ti Nivaldo nìkan ló ń rìn. Ìgbéraga rẹ̀ nìyẹn. Tó bá rí ẹni tó ń ti igi bọ tánkì, á kígbe pé, "Ẹ máa rò ó, kó má jóná, àmàlà ni!" Tirẹ̀, bí ó ti ń wí, mọ́tò ọmọlúàbí ni.

Edelmira bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, ó fi ìka kan tánkì lábẹ́. Ó dún kíkì, kò dún gbọ̀ngàn.

"Ó kún."

Nivaldo bú sẹ́rìn-ín. "Omi ló dà rọ́pò! Ẹ rò pé olè ò gbọ́n ni?" Ó tún yí fáìsì. Remberto pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú.

"Bí mo bá fi hàn ọ́ pé epo ni, tí mo sì fi ohun tó mú abẹ́rẹ́ sùn hàn ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣì í, màá yí i."

Edelmira wọ abẹ́ mọ́tò. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ tánkì ló máa ń sùn sí, bí omi bá wà níbẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ó tú ìdè ìsàlẹ̀ tánkì díẹ̀, ó gba ohun tó jáde sínú ìgò, ó dì í padà, ó sì gbé ìgò náà sókè sí oòrùn. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sí ìlà láàárín. Ó gbé e jìnnà dé ìdí ògiri, ó dà á sílẹ̀, ó sọ ìṣáná sí i. Iná náà fò sókè, ó jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ṣé omi nìyẹn?"

Ojú ti Nivaldo, ìtìjú náà sì di ìbínú. "Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nìyẹn! Ìyókù dà? Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà láàárín àwọn ará àdúgbò!"

Ó yí fáìsì lẹ́ẹ̀mejì. A gbọ́ ìró kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ egungun adìẹ. Odalis fò mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fi eyín gé èjìká rẹ̀ jẹ. Nivaldo jù ú dànù, ó forí gbá ilẹ̀kùn, ètè rẹ̀ bẹ́.

Edelmira kò bojú wẹ̀yìn. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé kò láàánú. Èmi rí i bí ó ṣe sáré dé ẹ̀yìn mọ́tò. Ó ṣí búùtù, ó gbé páànù kékeré tó wà ní ilẹ̀ búùtù kúrò, ó sì kan orí fulótà, ohun tó máa ń léfòó nínú epo tó sì ń sọ fún abẹ́rẹ́ ibi tí epo dé. Ó yọ wáyà kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀, ó fà á jìnnà sí tánkì.

"Odalis, dìde. Wọ inú mọ́tò, yí kọ́kọ́rọ́. Kí ni abẹ́rẹ́ ṣe?"

Ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu Odalis. "Ó fò lọ sí kíkún, Màmá!"

Edelmira fi ẹnu wáyà kan ara mọ́tò. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti já sí òfìfo!"

"Abẹ́rẹ́ dára. Wáyà dára. Inú tánkì ni àìsàn wà. Yí kọ́kọ́rọ́ padà."

Sukúrù márùn-ún ló de fulótà mọ́ tánkì. Ó tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sẹ́nu kí wọ́n má baà sọnù. Nivaldo dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fáìsì. "Ẹ ṣe kíá!" Edelmira fa fulótà jáde, epo ń kán lára rẹ̀, ó fi àkísà tútù dí ojú ihò náà. Ó gbé e lọ sí ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí mọ́tò, ó fi wáyà gígùn kan so ó mọ́ wáyà abẹ́rẹ́, ó fi òmíràn so ó mọ́ ara mọ́tò.

"Yí kọ́kọ́rọ́." Ó gbé apá fulótà náà sókè pátápátá, bí yóò ti wà nígbà tí tánkì bá kún.

"Ó wà nísàlẹ̀," ni Odalis wí. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òfìfo."

Ó rọ apá náà sílẹ̀, bí ìgbà tí tánkì gbẹ.

"Ó ń gòkè! Màmá, ó ti kún! Ó ti kọjá kíkún!"

Edelmira tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, sókè, sísàlẹ̀, kí ojú má baà ṣì í. Ó fi aṣọ rẹ̀ nu ẹ̀yìn fulótà náà, ó gbé e sójú Nivaldo.

"Ka lẹ́tà yìí."

"Mi ò mọ̀ ọ́n kà."

"Lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni. Fulótà Ládà, mọ́tò tiwọn, nìyí. Ní ti Ládà, bí epo bá kún, iná ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí epo bá gbẹ, ọ̀nà rẹ̀ á há. Ti Ṣefurolé jẹ́ òdìkejì. Ẹni tó bá fi èyí sínú Ṣefurolé, ẹ̀yìn ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ yóò máa rìn. Bí o bá ṣe kún un tó ni yóò ṣe máa sọ fún ọ pé ó gbẹ. Ta ló fi í síbẹ̀?"

Remberto ló dáhùn láti inú fáìsì. "Òun ni. Ní ọjọ́ Sátidé. Abẹ́rẹ́ kú, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ìyá onígbálẹ̀ fọwọ́ kan mọ́tò òun. Èmi ni mo gbé tọ́ọ̀ṣì fún un. Tánkì ti gbẹ nígbà náà, kò sì yí kọ́kọ́rọ́ wò títí di òwúrọ̀ yìí."

Nivaldo tú fáìsì. Ọwọ́ Remberto jáde, àtàǹpàkò àti ìka kejì ti pẹlẹbẹ, wọ́n ti dúdú. Nivaldo nu ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Abẹ́rẹ́ ló tàn mí. Odalis, lọ se kọfí kí gbogbo wa mu."

Odalis mú irin tí a fi ń tú táyà nílẹ̀. Ó fi gbogbo ara gbé e, ó fi lu ọkọ rẹ̀ ní èjìká. Egungun náà dún. "Kọfí rẹ rèé! Mu ún!" Nivaldo ṣubú lórí orúnkún. Odalis tún gbé irin náà sókè, orí ló ń wò báyìí, Edelmira sì fi ọwọ́ wíwọ́ rẹ̀ há a lápá.

"Ó tó. Èèyàn méjì ni mo fẹ́ gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Mi ò fẹ́ gbé òkú."

Ó dá fulótà Rọ́ṣíà náà padà síbi tó wà, sukúrù márùn-ún, torí a kì í fi ojú tánkì sílẹ̀ gbayawu. Òun ló wa mọ́tò náà. Remberto jókòó níwájú, Nivaldo ń kérora lẹ́yìn, Odalis jókòó tì í pẹ̀lú àdá lórí itan.

Ọdún méjì ni wọ́n fi ti Nivaldo mọ́lé. Nígbà tó jáde, apá rẹ̀ kò gòkè mọ́, Odalis kò sì ṣílẹ̀kùn fún un. Fulótà àtijọ́ ni Edelmira rí nínú agolo kan nínú àgbàlá náà: ihò kan ṣoṣo tí kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ ló wà lára bọ́ọ̀lù rẹ̀, epo ti wọ inú rẹ̀, kò lè léfòó mọ́. Ó gbọ̀n ọ́n gbẹ, ó fi òjé dí i, ó dá a padà sínú tánkì, abẹ́rẹ́ sì ń rìn bó ṣe yẹ. Odalis ló ń wa mọ́tò náà láti ìgbà náà.

Wọ́n gé ìka méjì Remberto. Fún oṣù márùn-ún, ọwọ́ òsì ló fi ń gẹ irun ara àgbọn, ló fi ń gẹ irun ẹṣin, kí ó lè mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé orí fún un. Ní ọjọ́ kan Edelmira lọ jókòó lórí àga rẹ̀, ó ṣí gèlè, ó tẹ orí ba. Sísọ́ọ̀sì náà yọ̀, ó gé e létí, ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí ọrùn rẹ̀. Remberto gbé sísọ́ọ̀sì kúrò lórí rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀..."

"Mo mọ̀. Má dúró. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì wà níbẹ̀."