Kámẹ́rà Inú Ọ̀rá

Owó oṣù Sewanu, olùkọ́ ọmọdé kan ní Topo, tó láti ra kámẹ́rà àlòkù ní Ìjàníkin, ṣùgbọ́n kò tó láti ra àpò rẹ̀. Ó fi ọ̀rá píọ̀wọ́tà wé kámẹ́rà náà kí omi ọ̀sà má baà ta sí i nínú ọkọ̀, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ayàwòrán.

Nígbà tí Màmá Dosi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pé àádọ́rin ọdún, Sewanu ní, “Ẹ má wulẹ̀ wá ayàwòrán mìíràn.” Ó ya màmá náà létí ọ̀sà, ó sì fi ìwọ̀nba owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ fọ́tò kan ṣoṣo jáde. Fọ́tò náà rí bàìbàì.

“Ìkúukùu òwúrọ̀ nìyẹn, Màmá,” ó ṣàlàyé bí ọ̀jọ̀gbọ́n. “Ọgbọ́n iṣẹ́ ni.”

“Ọ̀sán gangan lo yà mí, Sewanu. Mo ń làágùn.”

Ó wo kámẹ́rà. Ọ̀rá ṣì wà lójú rẹ̀. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ fi ọ̀rá náà bo ojú tirẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n tún un yà tí wọ́n bá san owó oṣù,” ó bẹ̀bẹ̀, ó sì nawọ́ sí fọ́tò náà.

Màmá Dosi gbé e sẹ́yìn. “Ṣé o rí ìhunjọ kankan lójú mi níbẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Gbé e kọ́ sára ògiri. Tí mo bá pé ọgọ́rin, má gbàgbé ọ̀rá rẹ nílé.”