Bí Baba Kọ́kọ́rọ́ Ṣe Gbá Ilé Sinimá Mọ́

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Baba Kọ́kọ́rọ́ ti ń ṣọ́ ilé sinimá àtijọ́. Sinimá ti kú níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ, káfíńtà kan àti tíṣà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé ti pín gbọ̀ngàn náà láàárín ara wọn. Yàrá ẹ̀yìn ni Baba ń gbé. Baba ò ní ilé mìíràn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ètò ìdókòwò lórí àṣà àti àwọn ilé àtijọ́ agbègbè wa: èyí tí a máa tún ṣe kí àdúgbò lè sọjí, àti èyí tí a máa wó. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé tí èèyàn ò bá lò mọ́, wíwó ni. Mo wá sọ fún Baba pé ìgbìmọ̀ tó máa yẹ àwọn ilé náà wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n múra sílẹ̀. N ò là á yé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi akọ̀wé yìí, mo ṣebí gbogbo ayé ló ti ka ìwé tí mo kọ.

Nígbà tí èmi àti ìgbìmọ̀ débẹ̀, ilẹ̀ gbọ̀ngàn ń dán. Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sí pátákó, kò sí èèyàn. Baba dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀, inú wọn ń dùn. Màdámù alága béèrè ẹni tó ń lo ibẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, mà," Baba dáhùn. "Mo ti lé gbogbo wọn jáde láti àárọ̀."

Ilé tí ẹnikẹ́ni ò lò nìyẹn, wíwó ló kàn. Màdámù ti ń ṣí bírò. Inú bí mi sí Baba, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ fún wọn pé àwọn tó ń lo ilé yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ wá wò. Ojú Baba yí padà. Wọ́n lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Gbogbo wọn wà níta, wọ́n jókòó sídìí ògiri. Aránṣọ kan ń yí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ rẹ̀ nínú oòrùn. Bó ṣe rí ilẹ̀kùn tó ṣí, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹ̀rọ wọlé sí àyè rẹ̀, ó ń kùn pé Baba ti fi gbogbo àárọ̀ òun ṣòfò. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Màdámù bú sẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé a máa tún ilé yìí ṣe," ni wọ́n sọ fún mi. "Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ò sì gbọdọ̀ kúrò."

Ara tù mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ lọ tán, Baba mú mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ti ká bẹ́ẹ̀dì wọn nílẹ̀, wọ́n sì ti di gbogbo ẹrù wọn sí ẹnu ọ̀nà, torí wọ́n rò pé ìgbìmọ̀ ò ní fẹ́ bá ẹnikẹ́ni nínú ilé, àní àwọn fúnra wọn.

"Ọmọ mi," Baba ní, "mi ò lọ mọ́. Bá mi tú okùn yìí."