Ìgò Tó Lọ Gba Àdúrà

Ẹni mẹ́wàá gbọ́dọ̀ parí ìwádìí Olúwadùnsìn kí olùkọ́ rẹ̀ tó gbà á. Mẹ́sàn-án ti parí. Bí Akínlẹ́yẹ bá já a kulẹ̀ lónìí, iṣẹ́ ọdún kan wọmi nìyẹn.

Ó pẹ́ tí Dùnsìn ti ń kọ́ṣẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kó tó padà wá sí Ìdànrè, ìlú rẹ̀. Yàrá kan ló gbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Aládé, ó ń wá bí àwọn tó ń fín kòkó ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ oògùn líle tramadol. Ẹni tí àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́ lọ́sẹ̀ kan yóò fa ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ ẹ̀bùn sí nínú abọ́. Òmíràn ń gba bàtà òjò, òmíràn ń gba àdá, ṣùgbọ́n "Ẹ kú iṣẹ́" lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Akínlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín wọlé, ó gbé ìgò kan tó fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé kalẹ̀.

"Àǹtí Dókítà, èyí tó kẹ́yìn rèé! Mo gbé e síwájú pẹpẹ láàárọ̀ kí wọ́n gbàdúrà sí i."

"Bàbá Jemima!" Dùnsìn fi orúkọ ọmọ Akínlẹ́yẹ pè é. "Ṣé mi ò ní ibí lẹ ti máa tọ̀ ọ́ ni?" Ó tú láílọ́ọ̀nù. Ohun inú ìgò mọ́ gaara, ó tutù, kò rùn. "Omi rèé o."

"Omi kẹ̀?" Ọkùnrin náà di orí mú. "Áà! Gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì la fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé ìgò omi àdúrà tiwa. Mo ti gbé ìgò onígò!"

Àbí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni? Dùnsìn ò tíì rò ó tán tí wọ́n fi wà lórí ọ̀kadà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgò kan ṣoṣo ló kù tí ẹnikẹ́ni ò wá gbé, Wòlíì Mojọlá, ìyá ìjọ náà, sì ti gbé e dé ètè.

"Ìyá, ẹ má mu ún!" Dùnsìn ké.

"Kí ló dé? Omi àdúrà tí mo fúnra mi…" Ó gbóòórùn rẹ̀. "Yéè! Akínlẹ́yẹ, ìwọ ni!"

Dùnsìn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, òun kì í gba ìtọ̀ tó ti ilé wá. Ni wọ́n bá jọ padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwẹ̀ tí ọkùnrin náà ń gbà ti gbẹ omi ara rẹ̀, ìtọ̀ ò wá. Ó mu omi ọ̀rá márùn-ún, ó ń yí ilé ìwòsàn po.

"Tọ̀ ọ́ jàre," Wòlíì ń pariwo, "má dójú tì mí!"

Nígbà tó yá, ó tọ̀. Dùnsìn ki ìwé àyẹ̀wò bọ̀ ọ́.

Ó mọ́!

Akínlẹ́yẹ fa ìwé: "Ẹ kú iṣẹ́." Ó fò sókè bí ẹni tó jẹ ẹ̀bùn ọ̀kadà.

"Ara ilẹ̀kùn mi ni mo máa lẹ̀ ẹ́ mọ́!"

Wòlíì Mojọlá húkọ́. "Èmi tó kù díẹ̀ kí n mu ún ńkọ́? Kí ni ẹ̀bùn tèmi?"

Dùnsìn gbé abọ́ sún mọ́ ọn kó fa ìwé tirẹ̀.