Ìlà Ọjọ́ Ẹtì

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ni báyìí, síbẹ̀ Tíṣà Tuntun ni wọ́n ṣì ń pè é. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́, bí ewú tilẹ̀ ti ń yọ sí i lórí. Láràárọ̀, tí agogo bá ti dún, kó tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, á ṣí rẹ́jísítà, á máa pe àwọn ọmọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ dáhùn nìkan kò tó o. Ọmọ gbọ́dọ̀ dìde kí òun àti tíṣà fojú rinjú, kí ìlà tó lọ síwájú orúkọ rẹ̀. Àwọn tíṣà yòókù máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ka ọmọ bí adìyẹ tó rí àṣá. Kì í bá wọn jà. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á pe orúkọ tó kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí wọ́n fa kíláàsì karùn-ún lé e lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló rán aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ojúlé tó wà ní àdúgbò pé ọmọ òun ti di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń dán tíṣà wò kí iṣẹ́ tó di tirẹ̀, àṣìṣe ńlá kan ṣoṣo nínú ọdún méjì yẹn sì tó láti dá a padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀.

Kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ kíláàsì rárá, wọ́n kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú gbọ̀ngàn kan, lọ́yà kan sì bá wọn sọ̀rọ̀ òfin láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́yà náà ní bí òbí bá ti fi ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì, tíṣà ni òbí ọmọ yẹn títí agogo ìparí á fi dún. Ó ní kí wọ́n má fojú ìwé lásán wo rẹ́jísítà, nítorí ẹlẹ́rìí ni níwájú adájọ́. Ohun tó bá wí ni ilé ẹjọ́ á gbà, kódà kí tíṣà máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà Tuntun kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi rúlà fàlà sí i nídìí.

Lọ́yà ò sọ bí èèyàn ṣe ń pe orúkọ ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Bẹ́ǹṣì ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń jókòó márùn-ún márùn-ún sí. Tó bá pe orúkọ kan, ẹnu mẹ́ta ló ń dáhùn. Tí ẹnì kan ò bá wá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣe ohùn tín-ín-rín, á ní, "Mo wà, Àǹtí." Ẹnì kan tún wà lẹ́yìn tó ń sín in jẹ, tó máa ń fi ohùn tíṣà gan-an sọ fún àwọn yòókù pé "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́", tí tíṣà fúnra rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Kó tó parí orúkọ, ìdajì àkókò ìṣirò ti lọ. Lópin ọ̀sẹ̀ kejì, Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sínú ìwé ètò iṣẹ́ rẹ̀ pé: Kí ló ń fa ìdádúró?

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló pààlà láàárín kíláàsì rẹ̀ àti ti Àǹtí Àgbà, tíṣà kíláàsì kẹrin, tó ń gbọ́ gbogbo ìyà tó ń jẹ ẹ́. Àǹtí Àgbà ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ṣé ìdí orúkọ lo fẹ́ kú sí ni? Fa ìlà ọ̀sẹ̀ kan tán lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tí ò bá wá, wàá tún tirẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe é, rẹ́jísítà ò bá mi jà rí."

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, Tíṣà Tuntun fa ìlà márùn-ún síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Bírò náà ń yọ̀ lórí ìwé bí ẹni pé ó ti ń retí iṣẹ́ náà tipẹ́. Ìṣirò tètè parí lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà, ọmọ ọdún méjìlá, tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ Rẹ́jísítà ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń lọ gbé ìwé náà ní ọ́fíìsì láràárọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gbé e, bí ẹni tó gbé omi tó kún dẹ́nu. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, òun nìkan ló máa ń dìde kó tó dáhùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, Àbámẹ́ta tó bá gbẹ̀yìn oṣù ló ń wálé. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ló ń gbé, ní òpópónà kejì sẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Lọ́jọ́rú, kò sẹ́ni tó gbé rẹ́jísítà wá. Tíṣà Tuntun wo orí tábìlì, ó wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní bóyá ibà ni. Ìwé náà kúkú ti kún dé ọjọ́ Ẹtì, kí ni yóò tún máa gbé e kiri fún? Ó mú ṣọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́bọ̀, tábìlì tún ṣófo. Ó wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún mú ṣọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Bàbá ọmọ náà wà nínú ọ́fíìsì, ó jókòó, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún, wọ́n sì ti fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun sin ọmọ òun dé géètì láàárọ̀ àná, kò padà wálé. Òun rò pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló sùn, òun débẹ̀, òun ò bá a. Ohùn rẹ̀ tutù. Ọ̀gá ṣí rẹ́jísítà síwájú rẹ̀. Ìlà wà ní Ọjọ́rú. Ìlà wà ní Ọjọ́bọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀gá ló bo ọjọ́ Ẹtì mọ́lẹ̀, Tíṣà Tuntun sì rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ bò ó ni.

"Ó wá lánàá," Ọ̀gá ní. "Ó tún wá láàárọ̀ yìí."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ìlà náà. Ẹnu kọ́kọ́ yà á. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ wá rọ̀, bí ojú ẹni tí àjèjì kan bá gba ẹrù orí rẹ̀ lọ́nà. Kò béèrè pé níbo wá ni ọmọ náà wà. Kò dìde kó sáré lọ wo kíláàsì.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, Ọ̀gá, pé ó wá láàárọ̀ yìí," ó ní. "Kẹ́ ẹ sì bá mi fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá ní kó lọ dúró ní ìta ná, ó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó rọra ṣàlàyé fún Tíṣà Tuntun. Tí àwọn bá sọ pé ọmọ náà wá, tó sì yọ́ jáde nígbà ìsinmi, àìbìkítà ni, lẹ́tà ìbáwí ni ìjọba máa fi jẹ àwọn níyà. Ṣùgbọ́n irọ́ inú rẹ́jísítà lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì lè dé ẹ̀wọ̀n. Ó ní ọdún mẹ́ta ló kù kí òun fẹ̀yìn tì. Ó béèrè pé ìyàtọ̀ wo ni òtítọ́ fẹ́ mú wá.

Tíṣà Tuntun ń ro ìyàtọ̀ náà. Bí wọ́n bá ní ọmọ náà wá láàárọ̀ yìí, àyíká ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa tú. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ilé àti géètì lọ́jọ́rú. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ pé ọmọ náà jáde nílé, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló sì ní, ẹlẹ́rìí ọ̀hún sì ni bírò òun.

Ọlọ́pàá obìnrin ló wá, pẹ̀lú ìwé kékeré lọ́wọ́. Ó béèrè ọjọ́ tí Tíṣà fojú kan ọmọ náà kẹ́yìn. Ọ̀gá ń wò ó. Tíṣà Tuntun rántí ìyá rẹ̀ àti gbogbo ojúlé tó ti yangàn sí.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni," ó ní. "Ìwé yìí parọ́. Èmi ni mo parọ́ sínú rẹ̀." Ó gbé ọwọ́ Ọ̀gá kúrò lórí ìwé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀gá tó bí i. "Ẹ wo ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀la ni, ó sì ti wá."

Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó jáde lọ bá bàbá ọmọ náà, ó ní kó mú àwọn lọ sílé rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó ní òun ò mú kọ́kọ́rọ́ dání, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà ọjà.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bàbá," ọlọ́pàá náà ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ti bá ọmọ náà, láàárín òkú ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn láti ìta, báàgì rẹ̀ ti wà ní dídì. Ọkùnrin kan tó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ ló fẹ́ wá mú un ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, kó mú un kọjá ẹnubodè bí ìyàwó. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ìyá ọmọ ń bọ̀. Ohun tí bàbá fẹ́ sọ fún un ni pé ilé ẹ̀kọ́ ló sọ ọmọ rẹ̀ nù.

Wọ́n dá Tíṣà Tuntun dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ ọdún méjì ìdánwò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà Tuntun ò dárúkọ Àǹtí Àgbà fún ẹnikẹ́ni, Àǹtí Àgbà sì ń fa ìlà tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ajé.

Gbogbo ìyẹn ló ti lè fi ṣe àwàdà báyìí. Ọ̀rọ̀ tí kì í sọ ni ti àgọ́ ọlọ́pàá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe rí tíṣà rẹ̀, ó dìde.

"Àǹtí, mò ń gbọ́ agogo láti inú yàrá yẹn," ó ní. "Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá pe orúkọ mi, tí mi ò dìde, ẹ máa wá mi. Ṣé ẹ pè é?"

Tíṣà Tuntun jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, àyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo, ìlà ọmọ náà sì wà nínú ìwé.