Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Tí Sanobar Kọ̀ Láti Hú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ búra: òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Bí mo bá purọ́, kí eyín méjì tó ṣẹ́ kù lẹ́nu mi já sínú tíì mi.

Ní Margilan, ìlú wa, sínsin là ń sin igi ọ̀pọ̀tọ́. Bí òtútù bá ń bọ̀, a ó tẹ ẹ̀ka rẹ̀ balẹ̀, a ó dì wọ́n pọ̀, a ó wa yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n kí yìnyín má baà pa á. Bí Navruz, ọdún tuntun ìgbà ìrúwé, bá ti kọjá, a ó hú u.

Sanobar, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, kò sin igi rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ Tursunboy ọkọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀gbà dá Tursunboy dùbúlẹ̀ fún ọdún méjì. Sanobar ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Oorun rẹ̀ wá fẹ́lẹ́ débi pé bí èèrà bá wúkọ́ ní ìta, yóò jí.

Nígbà tí Tursunboy kú, ewé ti ń já. Àwọn ọkùnrin gbé e léjìká, wọ́n ń yára rìn. Àwọn obìnrin dúró sí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ti máa ń dúró; obìnrin kì í tẹ̀ lé òkú dé itẹ́. Ibẹ̀ ni Sanobar ti rí i kẹ́yìn, aṣọ tí wọ́n fi bo òkú, bó ti ń yà ní kọ̀rọ̀ ilé Ergash aládùúgbò wọn. Kò rí ibi tí wọ́n gbẹ́. Kò gbọ́ ìró yẹ̀pẹ̀.

Ogójì ọjọ́ ni ilé fi kún fún èrò. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n sunkún, wọ́n fọ abọ́, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, ilé dákẹ́ bí inú ìkòkò òfìfo. Sanobar jáde sí ọgbà, ó bá igi ọ̀pọ̀tọ́ ní ìhòòhò nínú atẹ́gùn. Ó gbé ọkọ́ Tursunboy, ó sì wa ilẹ̀ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ìró yẹ̀pẹ̀ lórí ẹ̀ka ló fa ẹkún tí kò rí sun láti ogójì ọjọ́. Nígbà tó ṣe tán, òkìtì náà gùn tó èèyàn. Ó jókòó tì í. Láti ọdún méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ló ń gbé àpótí ìjókòó lọ síbẹ̀, pẹ̀lú tíì àti abọ́ méjì. Yóò mu ọ̀kan, yóò da ìkejì sórí òkìtì.

Nilufar ọmọ rẹ̀ ń pè é láti Tashkent. "Màámi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Kí lẹ ń ṣe nínú òtútù yẹn?"

"Mo ń gba atẹ́gùn."

"Atẹ́gùn wà níbí náà."

"Ti ọ̀dọ̀ yín ti gba imú ẹlòmíì kọjá."

Navruz dé, ó lọ. Gbogbo àdúgbò hú ọ̀pọ̀tọ́ wọn. Sanobar ò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ergash, arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri, gun àpótí, ó yọjú.

"Ìyàwó wa, ṣé igi rẹ náà ti fẹ̀yìn tì bíi tìẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó sùn, Bàbá Ergash. Kò bá yín jà."

"Ilẹ̀ ti gbóná. Bó bá fi lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó máa jẹrà. Èmi àti ọkọ ẹ la jọ gbé e wá láti Quva, kò ju ìka lọ nígbà yẹn. Aṣọ ọrùn ẹ̀ ló fi wé e."

"Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ sin ọkọ mi," ni Sanobar wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ gbé e sí. Èmi, ibí yìí nìkan ni mo ní."

Ohùn Ergash náà wálẹ̀. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Ó ní, "Tursunboy tí mo mọ̀, bó bá gbọ́ pé torí òun lo ṣe jẹ́ kí ọ̀pọ̀tọ́ òun jẹrà, ó máa jáde wá bá àwa méjèèjì jà." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, ó lọ.

Sanobar jókòó títí tíì fi tutù. Ó wá kúnlẹ̀. Kò lo ọkọ́, kó má baà ṣá a lọ́gbẹ́. Ọwọ́ ló fi ń kó yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀ka kan ti rà, ó rọ̀ bí ọṣẹ; ó gé e sọnù. Àwọn tó kù ti funfun, bí ara ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé irú ara bẹ́ẹ̀ dìde: ọwọ́ kan nísàlẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́yìn. "Díẹ̀díẹ̀," ló ń wí fún un. "Má kánjú. Mo ti dì ọ́ mú."

Ní ìrọ̀lẹ́, igi náà dúró, ó wọ́ bí ọ̀mùtí, Sanobar ti so ó mọ́ òpó. Nilufar pè.

"Màámi, ṣé ẹ ń bọ̀?"

"Bí mo bá wá, ta ni yóò sin ín bí òtútù bá dé?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí rẹ̀ jáde. Kò sí òkìtì tí yóò jókòó tì mọ́. Ọgbà náà fẹ̀ jù. Síbẹ̀ ó jókòó, ó mu tíì rẹ̀.

Eyín mi ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti ń mì. Nítorí náà, ẹ gbọ́: èmi ni mo fi abọ́ kejì yẹn kún ìtàn yìí. Abọ́ kan ṣoṣo ló máa ń gbé jáde.