Síkẹ́ẹ̀tì Iwájú, Ṣòkòtò Ẹ̀yìn

Akunlé ni Kíkẹ́lọmọ ní Ṣàngótẹ̀dó. Nínú àwọn ilé tuntun tó tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kì, kì í ṣe díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kùn lọ́dà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn tó ń sùn nígbà ìwàásù gan-an á jí tó bá ti lanu.

Ohun tó ń dà á láàmú ò ju aṣọ lọ. Obìnrin kì í wọ ṣòkòtò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ni fún oṣù mẹ́ta, kò sì gbọdọ̀ kọrin. Ọ̀gá Taofeek, fọ́máànù wọn, sì ti ní oní-síkẹ́ẹ̀tì kankan ò ní gun àkàsọ̀ òun, òun ò ṣetán láti gbé ẹnikẹ́ni lọ sọ́sípítù.

Ó gbé ẹjọ́ tọ Sìlífátù télọ̀ lọ. Ìyẹn kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tí kò kúkú máa fò kun ilé, kó tó rán ṣòkòtò péńpé tó dé orúnkún fún un, tó wá fi aṣọ bo iwájú rẹ̀. Téèyàn bá kọjú sí i, síkẹ́ẹ̀tì ni. Aṣọ ò tó bo ẹ̀yìn, àwọn méjèèjì sì gbà pé kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gbàgbé pé ògiri ni akunlé ń kọjú sí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Màmá Ìrètí, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, wá wo ilé tí ọmọ wọn ń kọ́. Orí àkàsọ̀ ni Kíkẹ́ wà níbẹ̀ tó ti gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn rẹ̀ pé, ta ni obìnrin oníṣòkòtò yẹn. Ó yára kọjú sí wọn.

“Ẹ kú àbẹ̀wò, Màmá.”

Màmá rí síkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

“Yí padà.”

Ó yí padà.

“Tún yí sí mi.”

Ó tún yí. Ọ̀gá Taofeek kígbe láti ọ̀ọ́kán pé òun ò fi àkàsọ̀ òun jó ijó o.

Màmá ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ń rí ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó ro gbogbo rẹ̀ láìpurọ́. Màmá fọwọ́ tọ́ aṣọ náà wò, wọ́n sì wo àkàsọ̀ látòkè délẹ̀.

“Lọ bo ẹ̀yìn yẹn. Èyí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìwọ àti Ọlọ́run rẹ lẹ jọ mọ̀ ọ́n.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Kíkẹ́ lé orin. Màmá Ìrètí ló kọ́kọ́ gbè é.